Ọta Ìbọn Ọdẹ ní Ilẹ̀ Yewa: Ta Ló Yẹ Kó Máa Ṣe É?

Ìbọn kan lè pẹ́ láyé ju ẹni tó ni ín lọ. Bàbá á fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ náà á sì fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọta kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Síbẹ̀, bí àríyànjiyàn bá ti dé lórí ohun ìjà ní ilẹ̀ Yewa, apá ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Ìlaró dé Ayétòrò, láti Ìmẹ̀kọ dé Ìdíròkò, ìbọn nìkan ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Ta ló ní in? Ta ló fún un láṣẹ? Ibi tí ọta ti ń wá kì í sábà wọ inú ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọta ló ń pa ẹran, òun náà ló sì ń pa ènìyàn.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni pé, ta ló yẹ kó máa pèsè ọta tí ọdẹ ilẹ̀ Yewa ń lò? Ṣé ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan ni, àbí alágbẹ̀dẹ, àbí oníṣòwò tó ń kó o wọlé? Àbí kí ọdẹ fúnra rẹ̀ jókòó sínú ilé, kó máa fi èèpo ọta ológun tí wọ́n ti yìn ṣe ọta tuntun, bí àwọn ayìnbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe? Èrò pọ̀ lórí rẹ̀, àwọn tó sì ń sọ ọ́ kì í sábà gbọ́ ara wọn yé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbóná ní agbègbè yìí kò fara sin. Igbó ọba pọ̀ níbẹ̀: ti Ìlaró, ti Ẹ̀gùá, ti Ọ̀húnbẹ, àti igbó ẹran Ìmẹ̀kọ. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 la ilẹ̀ Kétu sí méjì. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá bọ́ sí Nàìjíríà, ìlú Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sí ibi tí a ń pè ní Olómìnira Benin lónìí. Ọ̀nà igbó tó so wọ́n pọ̀ kò ka ààlà yẹn sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran le ní Yewa North àti Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, àwọn ará abúlé kan sá kọjá sí Benin kí wọ́n lè sùn lálàáfíà. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè nípa ohun tó wà lọ́wọ́ ọdẹ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹran igbó nìkan.

Àwọn tó ní kí òfin 1959 dúró bó ṣe wà

Òfin Ohun Ìjà tí Nàìjíríà ń lò di òní, 1959 ni wọ́n ṣe é, ọdún kan ṣáájú òmìnira. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Èkíní ni èèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́, bọ́ǹbù, àti ìbọn ológun, tí òfin náà dárúkọ ìwọ̀n ọta wọn, 7.62mm àti 9mm lára wọn. Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ lórí ìwọ̀nyí. Èkejì ni ìbọn tí ń jẹ kátíríìjì, irú ẹlẹ́nu méjì tí àwọn ọdẹ mọ̀ dáadáa, àti ìbọn ìdárayá. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń ki láti ẹnu, tí òfin fi sí abẹ́ ìlànà ìpínlẹ̀. Lórí ọta, òfin náà kò fa ọ̀rọ̀ gùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta níbi tí kì í ṣe ilé ohun ìjà ìjọba. Ẹni tí wọ́n bá ká ohun èèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni ó kéré jù.

Agbára èrò yìí ni pé kò ní kọ̀rọ̀. Bí ilé tí ọta ti ń jáde bá jẹ́ ẹyọ kan, a mọ ilẹ̀kùn tí a ó ṣọ́. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ ohun ìjà Kaduna, tí a mọ̀ sí DICON, sílẹ̀ ní 1964 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Fritz Werner ti ìwọ̀ oòrùn Jámánì, kí Nàìjíríà lè máa ṣe ọta tirẹ̀. Bí gbogbo ọta bá gba ibẹ̀ kọjá, òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀ á sọ ilé tó ti wá àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ọlọ́pàá tó bá ṣa èèpo rẹ̀ níbi ìwà ọ̀daràn á ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tí òfin kọ àti ohun tó wà lọ́jà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní January 2017, àwọn aṣọ́bodè mú ìbọn 661 tí wọ́n kó láti Turkey gba èbúté Èkó wọlé, ìbọn tí à ń fà kí ọta tó wọnú rẹ̀, irú tí òfin 1959 kò jẹ́ kí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fúnni níwèé àṣẹ lé lórí. Wọ́n tún mú òmíràn léraléra nínú ọdún náà. Kò sí ẹni tí yóò ná owó lórí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí kò bá mọ ibi tí òun yóò ti rí kátíríìjì rà.

Ó yẹ ká tún wo ibi tí ìpín mẹ́ta yìí ti ṣẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì (1877 sí 1893), àwọn Èkìtìparapọ̀ fi ìbọn Snider, tí à ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, kojú Ìbàdàn tí ìbọn wọn jẹ́ ti àtijọ́. Ìyàtọ̀ tó mú wá lójú ogun kò kéré. Ní July 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí Àdéhùn Brussels, tó fòfin de ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì rẹ̀ ní apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, tó sì fàyè gba ìbọn ìṣáná-òkúta àti ẹ̀tù lásán lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá ka ìsọ̀rí mẹ́ta ti 1959 lẹ́yìn èyí á rí i pé èrò kan náà ni: èyí tó dára di ti ìjọba, èyí tó ti gbó ni kí ará oko máa lò. Èyí kò sọ òfin náà di asán. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó yé wa ìdí tí àwọn ọdẹ kan kò fi kà á sí òfin tiwọn.

Àwọn tó dúró lórí àgbẹ̀dẹ àti ẹ̀tù

Àwọn wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣòro láti já. Wọ́n ní ṣíṣe ọta nílé kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, torí pé gbogbo ìgbà tí ṣakabùlà bá dún, ẹni tó yìn ín ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í. Òun ló bu ẹ̀tù sí i, òun ló fi òwú tàbí ìhá ẹyìn dí i, òun ló ki irin wẹ́wẹ́ tàbí òjé sí i. Òfin tó gba ṣakabùlà láàyè ti gba ìdìbọn nílé láàyè náà, bó fẹ́ bó kọ̀.

Wọ́n tún ní ẹgbẹ́ ọdẹ ní ìṣàkóso tirẹ̀ kí ìwé àṣẹ tó dé. Olúọdẹ mọ ẹni tó ní ìbọn ní abẹ́ rẹ̀. Ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ jọ ń bọ Ògún, ẹni tó bá sì fi irin búra mọ ohun tó ń retí bó bá dalẹ̀. Ṣakabùlà fúnra rẹ̀ ní ìjánu: ẹyọ kan ni ó ń yìn, àkókò tí yóò gbà kí a tó tún un dì kò bá olè ojú pópó lára mu. Nínú gbogbo ìbọn tó wà nílẹ̀, òun ló ṣòro jù láti fi pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun ló sì rọrùn jù fún ọdẹ tí kò lówó.

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú èyí. Ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ni ẹ̀rí wọn ti fẹ́lẹ́. Alágbẹ̀dẹ òde òní kì í ṣe ṣakabùlà nìkan. Ìwádìí tí Small Arms Survey gbé jáde ní 2018 lórí ìbọn àfọwọ́rọ ní Adamawa, Anambra, Benue àti Plateau fi hàn pé àwọn oníṣẹ́ irin ń ṣe ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn tí ń jẹ kátíríìjì. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò sí nínú ìwádìí náà, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ Anambra lé Ayétòrò lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ irin rọ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rọ níhìn-ín. Èkejì, ojú Olúọdẹ kì í kọjá àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́. Ní ilẹ̀ tí àlejò ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru, ẹni tó yẹ ká ṣọ́ lè má wá sí ìpàdé ọdẹ láéláé. Ẹ̀kẹta ni ewu ẹ̀tù. Agbára rẹ̀ kì í dọ́gba láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, iná kékeré ló sì ń dúró dè. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi ẹ̀tù ìgbàlódé, èyí tí kì í rú èéfín, sínú ọ̀pá tí wọ́n rọ fún ẹ̀tù dúdú, ọ̀pá náà lè bẹ́ mọ́ ọn lójú.

Èèpo ọta ológun àti ọ̀nà àwọn tó ń tún un dì

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ń tún ọta dì fún ìlò ara rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ kankan. Àfi bó bá fẹ́ máa tà á ni yóò gba ti oníṣẹ́-ọta. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀, èèpo ọta ológun sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń wá gidigidi, torí pé idẹ rẹ̀ nípọn, owó rẹ̀ kò wọ́n. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ààbò ibẹ̀ ní March 2009 pàṣẹ pé kí wọ́n máa fọ́ èèpo náà kí wọ́n tó tà á, ariwo tó sọ láàárín àwọn ayìnbọn dé etí àwọn aṣòfin Montana, wọ́n sì yí àṣẹ náà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ẹnikẹ́ni lè di ọta fún ìbọn tó ní ìwé àṣẹ lé lórí, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin 2006, kò lè ra ìṣáná kékeré tí ń wọ ìdí ọta láìfi ìwé yẹn hàn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti gbé òkè òkun, tí wọ́n sì rí èyí, máa ń béèrè pé kí ló dé tí ọdẹ Ọjà-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹfààní tí wọ́n ń tọ́ka sí kì í ṣe irọ́. Ọta tí a tún dì kò wọ́n tó èyí tí a rà. Ẹni tó ń di ọta fúnra rẹ̀ kì í fi ṣòfò. Kò sì ní láti dúró de ẹrù tó ń bọ̀ láti ibòmíràn. Ẹni tó rántí bí bodè Ìdíròkò ṣe wà ní títì láti August 2019 títí di April 2022 mọ ohun tí ìdúró ń ná ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbé èrò náà wá sílé, kò pẹ́ tí yóò fi kọsẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ kọ́ ni ohun tí wọ́n ní ní Amẹ́ríkà. Èèpo ọta tí ọmọ lè ṣà ní ẹ̀bá ọ̀nà Yewa, níbi tí àwọn aṣọ́bodè bá ti lé onífàyàwọ́ ìrẹsì, ti ìbọn irú AK ló sábà máa ń jẹ́. Púpọ̀ nínú ọta irú ìbọn yìí láyé, irin ni wọ́n fi ṣe èèpo rẹ̀, kì í ṣe idẹ. Irin kì í fẹ̀ kó sì padà bí idẹ ṣe ń ṣe. Èyí tó jẹ́ idẹ pàápàá nínú ọta ológun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, ihò iná méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ló sábà máa ń wà ní ìdí rẹ̀ dípò ẹyọ kan láàárín, irinṣẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò kò sì bá a mu. Wọ́n tún máa ń fún ẹnu ibi tí ìṣáná wà pa, kó má bàa yọ nínú ìbọn arọ̀jò-ọta. Èèpo tó ti gba inú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kọjá ti nà ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ya nígbà tí wọ́n tún yìn ín, ojú ẹni tó gbé ìbọn mọ́ èjìká ni gáàsì gbígbóná yóò fẹ́ sí.

Lẹ́yìn náà, kò sí ìbọn tí ọdẹ wa lè fi yìn ín lábẹ́ òfin. Ọta 7.62mm, irú tí AK ń jẹ, jẹ́ ti ìbọn tí òfin pè ní èèwọ̀. Kí ọdẹ tó lè jàǹfààní èèpo ológun, ó ní láti kọ́kọ́ ní ìbọn ológun, ìyẹn sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọdẹ. Fún ìdí yìí, mo rò pé ẹni tó ń dábàá èèpo ọta ológun fún ọdẹ Yewa ń dábàá ohun tí kò ní í wúlò fún ọdẹ, tí yóò sì wúlò púpọ̀ fún ajínigbé.

Àbùkù kan tún wà tí àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ kì í mẹ́nu bà. Òǹtẹ̀ ìdí ọta ni ẹlẹ́rìí tó kù lẹ́yìn tí ọta bá ti jáde. Ọta tí a tún dì ń gbé òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ kiri. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti mọ ẹni tó ń kó ọta wá fún àwọn oníwà ipá, a ti sọ ẹlẹ́rìí náà di elékèé.

Ohun kan ni mo rò pé ó yẹ kí a mú nínú ọ̀nà wọn, ti Bìrìtìkó ni. Èèpo lè wà nílẹ̀ káàkiri, ẹ̀tù lè ti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wá, ṣùgbọ́n ìṣáná ìdí ọta jẹ́ iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ, kò rọrùn láti ṣe dáadáa nílé. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ìṣáná ń ṣọ́ gbogbo ọta tó kù. Òfin wa kò ya á sọ́tọ̀ báyìí.

Àwọn tó ń béèrè ohun ìjà tuntun fún ẹ̀ṣọ́

Ìlú Ìbàdàn ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà ti ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní January 9, 2020. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún yẹn náà. Ọdẹ pọ̀ nínú àwọn tó wọ ẹ̀ṣọ́ náà. Ìgbà tí ó di September 2022, Rotimi Akeredolu tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà sọ pé bí wọ́n bá lè jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ Katsina gbé AK-47, kò sí ìdí tí wọ́n fi ní láti fi du Àmọ̀tẹ́kùn. Iléeṣẹ́ Ààrẹ fèsì pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tó gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn Akeredolu ní òtítọ́ kan lọ́wọ́: ẹni tó gbé ṣakabùlà lọ pàdé ẹni tó gbé AK ń lọ kú ni. Fún wọn, ìdáhùn sí ìbéèrè ọta ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ rà á, kí wọ́n kà á, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ilé ohun ìjà, kí ọdẹ sì gbà á gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ó dára fún ẹni tó wà nínú ẹ̀ṣọ́. Kò sọ nǹkan kan fún ọdẹ tí kò sí níbẹ̀, tí wọ́n sì pọ̀ jù. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí kò sí ẹni tó ti dáhùn: bí gómìnà bá yí padà, tí ẹ̀ṣọ́ bá tú ká, ta ni yóò gba ọta tó kù?

Ọ̀nà ECOWAS

Ní October 1998, àwọn olórí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó wà nínú ECOWAS fẹnu kò láti dá kíkó àti ṣíṣe ohun ìjà kéékèèké dúró fún ìgbà kan. Ní June 14, 2006, ní Abuja, wọ́n sọ ọ́ di àdéhùn tó ní agbára òfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Ohun tó mú àdéhùn yìí yàtọ̀ ni pé ó ka ọta mọ́ ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa fi àmì sí i lára. Ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2001 lórí ohun ìjà kéékèèké kò ka ọta mọ́ ọn. Ìlànà ìtọpasẹ̀ ìbọn tí wọ́n ṣe ní 2005 náà yọ ọ́ sílẹ̀. Ó di December 2023 kí àjọ náà tó gba ìlànà kan wọlé fún ọta nìkan. ECOWAS ti ṣáájú wọn níbi yìí, ó yẹ kí a sọ ọ́.

Ní ti alágbẹ̀dẹ, àdéhùn náà kò ní kí wọ́n pa iṣẹ́ wọn run. Ó ní kí orílẹ̀-èdè kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n mọ iye tí wọ́n ń ṣe àti irú èyí tí wọ́n ń ṣe. Mali àti Burkina Faso ní òfin tó jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn gba ìwé àṣẹ. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a ti kà, èyí ló sún mọ́ ohun tí mo rò pé ó lè ṣiṣẹ́ ní Yewa: kí ṣakabùlà àti ẹ̀tù rẹ̀ máa jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ tí a mọ̀, kí kátíríìjì máa gba ọwọ́ oníṣòwò tó ń kọ orúkọ ẹni tó rà á, kí ti ológun má kọjá ọwọ́ ológun.

Ìṣòro rẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Alágbẹ̀dẹ tí òfin ti pè ní ọ̀daràn láti 1959 kò ní í sáré wá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọlọ́pàá. Mali àti Burkina pàápàá, ìwé àṣẹ tí wọ́n ní kò dá ogun tó dé bá wọn dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn àgbẹ̀dẹ kọ́ ló gbé ogun náà wá. Ìjọba Nàìjíríà dá ibùdó ìṣàkóso ohun ìjà kéékèèké sílẹ̀ ní May 2021 lábẹ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò. Ibẹ̀ ló yẹ kí irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ wà. Àmọ́ Abuja jìnnà sí àgbẹ̀dẹ Ìgàn Aládé ní ilẹ̀ Yewa.

Ọ̀rọ̀ òjé

Ẹgbẹ́ kan ṣì wà tí kì í bá àwọn yòókù jókòó, àwọn tí ìlera àti ẹran igbó jẹ lógún. Òjé tí à ń yọ́ lórí iná láti fi ṣe ọta jẹ́ májèlé, ọmọdé ló sì ń tètè pa. Zamfara ti fi hàn wá ní 2010 ohun tí òjé lè ṣe fún ọmọ wẹ́wẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà wíwà ló fà á níbẹ̀. Òjé tún ń kù sínú ẹran tí a jẹ. Èrò yìí lágbára lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé inú ilé, ó sì jẹ́ ìdí kan tó dúró fúnra rẹ̀ láti má ṣe yọ́ òjé sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sọ ẹni tí yóò máa ṣe ọta.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tù. Òfin ìpínlẹ̀ lè gba ṣakabùlà láàyè, ṣùgbọ́n ìbọn tí òfin gbà tí kò gba ohun tó ń jẹ kì í ṣe ìbọn tó ní àṣẹ ní ti òótọ́. Ta ló lè ta ẹ̀tù ní Ìlaró, mélòó ni ẹnì kan lè rà lẹ́ẹ̀kan, níbo ni yóò kó o sí? Kò sí èrò kan nínú àwọn tí a yẹ̀ wò tó dáhùn èyí tán.

Èkejì ni ìṣáná ìdí ọta, bóyá Nàìjíríà lè yà á sọ́tọ̀ nínú òfin bí Bìrìtìkó ṣe yà á, kí a tó máa jiyàn lórí ìyókù.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀. Ìwádìí 2018 kò dé ìhà yìí, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Benue pinnu ohun tó yẹ ní Yewa North.

Ẹ̀kẹrin, tí mo rò pé ó le jù, ni ti ààlà. Ọdẹ Kétu tó tọpasẹ̀ ẹran dé igbó Ìmẹ̀kọ pẹ̀lú ṣakabùlà lọ́rùn àti ẹ̀tù lápò ti kọjá láti abẹ́ òfin orílẹ̀-èdè kan sí abẹ́ òfin òmíràn. Àdéhùn ECOWAS fi ọwọ́ méjèèjì so wọ́n pọ̀ lórí ìwé. Ìwé orúkọ wo ni yóò gbé e, ti Cotonou ni, ti Abẹ́òkúta ni, àbí ti Olúọdẹ tó mọ bàbá rẹ̀?